Alága Tó Fẹ́ Fi Àtẹ Ipò Mọ Ọ̀la

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ Alága Silas Ọdúntán lórí rédíò, tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Ohun tí rédíò sọ kò tó ìdajì. Èmi tí mò ń kọ ọ́ yìí mọ iye ìgbà tí ọkùnrin náà wo ara rẹ̀ nínú dígí láàárọ̀ ọjọ́ àṣekágbá, mo sì mọ ohun tó sọ fún dígí náà.

Silas ni alága Àjọ Ìdíje Bọ́ọ̀lù Obìnrin Ìlú-sí-Ìlú, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òṣogbo. Yàrá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, fáànù kan, àti oyè mọ́kànlá. Silas nìkan ló ni oyè mọ́kànlá náà. Ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, Alága, Olùdarí Àgbà, Atọ́nà Eré, Bàbá Pápá," títí dé orí ìkọkànlá, kó tó sọ ohun tó bá wá. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ kò rí gbogbo rẹ̀ há sórí, ló bá kúkú ń sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo yín." Silas fẹ́ràn ìkíni yẹn ju èyí tó kù lọ.

Àwọn méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Wisdom ni alukoro. Iṣẹ́ Wisdom ni kí ẹnu máa yà á. Bí Silas bá sín, Wisdom á ní irú sísín bẹ́ẹ̀ kò tíì wáyé rí ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Sikirat ni akọ̀wé, òun ló sì ń ṣe iṣẹ́ tó kù, ìyẹn ni pé gbogbo iṣẹ́.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n pe Silas sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan ní Àbújá. Ó sun ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Nígbà tó lajú lọ́jọ́ kẹta, ohun tó rí lára ògiri ni àtẹ gbọọrọ kan tí wọ́n to àwọn orílẹ̀-èdè ayé sí, láti orí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù dé orí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá rárá. Kò dúró gba oúnjẹ ọ̀sán, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lára nìyẹn.

"Sikirat," ó ní bó ṣe dé, "bá mi to àwọn ìlú wa báyìí. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ẹni kìn-ín-ní lókè, ẹni ìkẹjọ nísàlẹ̀."

Sikirat kó àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta jọ: ẹni tó nà, ẹni tí wọ́n nà, iye góòlù tó wọlé. Ó kó wọn sínú kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ kẹwàá, àtẹ jáde. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló wà lókè pátápátá, Ìbòkun tẹ̀ lé e, Iléṣà ṣe ẹ̀kẹta. Iperindo ló wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn, ní ipò kẹjọ, pẹ̀lú òdo.

Silas wo ìwé náà bí ẹni tó ń wo àkọ́bí rẹ̀.

"A ti wá mọ ẹni tó máa gba ife lọ́dún yìí nìyẹn."

"Rárá, sà," Sikirat dáhùn. "Ẹni tó ti ń gbá a dáadáa bọ̀ la mọ̀. Ẹ wo Ìbòkun yìí, ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ti kó máàkì wọn jọ. Mẹ́rin nínú àwọn tó kó o jọ ti wọlé ọkọ, ọ̀kan ti wà ní Kánádà. Ẹ tún wo Iperindo. Ẹ̀ẹ̀kan péré la rí àkọsílẹ̀ wọn. Ọkọ̀ wọn dákú lọ́nà, àwọn méje ló ráyè dé, òjò ń rọ̀, wọ́n gbá góòlù mẹ́fà wọlé wọn. Ìyẹn kò sọ fún wa bí wọ́n ṣe mọ bọ́ọ̀lù gbá tó, sà. Bí ọkọ̀ wọn ṣe rí ló sọ."

Silas yíjú sí Wisdom. Wisdom mọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Alága, ojú yín ti kọjá ọ̀la. Ọ̀túnla ni mo rí i tó ń wò."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Silas ti bẹ̀rẹ̀ sí í to nǹkan. Ó to àga ọ́fíìsì ní ipò. Ó to àwọn fèrèsé. Ó dé ilé, ó to ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ láti orí ẹ̀gúsí dé orí ilá. Ìyàwó rẹ̀ gba ìwé náà, ó kà á, ó yí i sẹ́yìn, ó sì kọ tirẹ̀ síbẹ̀: òun ni ipò kìn-ín-ní nínú ilé, fíríìjì ni ìkejì, Silas ń bọ̀ lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Silas fi jẹ ẹ̀bà láìsí ẹran.

Ìyẹn kò dá a dúró. Ó ní kí wọ́n ya àtẹ náà sára pátákó ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà pápá. Ó kọ lẹ́tà sí ìlú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ẹgbẹ́ tó wà ní ipò kìn-ín-ní yóò gba bọ́ọ̀sì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù àti yàrá hòtẹ́ẹ̀lì. Ìkejì yóò gba bọ́ọ̀sì tó ní fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ ló ń re ìsàlẹ̀ títí tó fi kan ìkẹjọ. Ohun tó kọ sí Iperindo ni pé, "Àjọ wa fi àdúrà ràn yín lọ́wọ́." Ó wá fi òfin tuntun kan kún un: ẹgbẹ́ tó bá ṣe ìkẹjọ nínú ìdíje yóò lọ rọ́kún nílé fún ọdún márùn-ún. Níwọ̀n ìgbà tí a sì ti mọ ẹni tó máa ṣe ìkẹjọ, kí Iperindo jọ̀wọ́ kà á sí pé ìdágbére ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe.

Lẹ́tà náà bá Tísà Julianah lórí pápá. Obìnrin yìí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Iperindo, òun náà sì ni kóòṣì wọn. Àwọn tó ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù kì í ṣe ọmọ ilé ìwé o. Àgbà obìnrin ni wọ́n, tí wọ́n ń jọ góòlù, ìyẹn wúrà inú ilẹ̀, nínú ẹrẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n ń dáná fún ọmọ lọ́sàn-án, tí wọ́n á tún wá wá góòlù míì lórí pápá nírọ̀lẹ́. Ìkòkò àti igbá tí wọ́n ń rù lórí ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dúró ṣinṣin.

Ó ka lẹ́tà náà sí wọn létí. Lẹ́yìn náà ni Marvellous, tó máa ń gbá iwájú fún wọn, ṣírò nǹkan lórí ìka.

"Ọdún márùn-ún, Àǹtí. Màá ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì nígbà yẹn. Ṣé wọ́n ti gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi nìyẹn?"

Julianah ká lẹ́tà náà, ó fi í sínú báàgì.

"Wọn ò tíì gbà á. Ẹ sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá."

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n síbẹ̀, kí wọ́n máa sáré. Silas wà lórí rédíò.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ki bí ọbẹ̀ àná, "láyé àtijọ́, àwọn bàbá wa á gbá bọ́ọ̀lù tán kí wọ́n tó mọ ẹni tó nà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe jìyà tó. Lónìí, èmi Silas ti gbé ìyà yẹn kúrò. Mo ti mọ̀. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni. Bí àtẹ yìí bá ṣìnà lórí ẹni tó máa gba ife, kí n kúrò lórí àga mi kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀."

Olóòtú ètò náà bi í bóyá kó tún un sọ. Ó tún un sọ, tìgbéraga tìgbéraga, wọ́n sì gbà á sílẹ̀. Ọjọ́ kejì ló gbé ife lọ sọ́dọ̀ agbẹ́rin, ẹni tó ń gbẹ́ orúkọ sára irin, wọ́n gbẹ́ "ÌSÀLẸ̀ Ọ̀ṢUN" sí i lára ní lẹ́tà ńláńlá.

Ọjọ́ ìdíje pé. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun nà, Ìbòkun nà, Silas ń mi orí ṣáá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó wà ní ipò karùn-ún na ìkẹrin. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ akẹ́rù kan wọlé, tó ṣì ń rùn fún kòkó, àwọn obìnrin Iperindo bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbọn ara wọn, wọ́n sì na Iléṣà ní góòlù méjì sí òdo. Marvellous ló gbá méjèèjì wọlé.

"Méjì nínú mẹ́rin ni àtẹ gbà, sà," Sikirat sọ fún ọ̀gá rẹ̀. "Bá a bá ń ju owó ẹyọ sókè, ó ṣeé ṣe ká rí tó bẹ́ẹ̀."

"Àtẹ kò ṣìnà," Silas dáhùn. "Àwọn ẹgbẹ́ ni kò tẹ̀ lé àtẹ."

Ẹ má rò pé àwàdà ni. Àṣálẹ́ ọjọ́ yẹn ló kọ ìwé ìbéèrè sí ẹgbẹ́ méjèèjì tó nà láìtọ́ sí wọn, pé kí wọ́n ṣàlàyé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún ìdí tí wọ́n fi borí ẹni tó jù wọ́n lọ. Tísà Julianah fèsì lọ́nà tó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìjọba gbà fèsì. Ó kọ ọ́ pé: "Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n, mo fi ọ̀wọ̀ sọ fún yín pé bọ́ọ̀lù wọ ilé wọn lẹ́ẹ̀mejì. Kò wọ tiwa. Èmi ni tiyín ní tòótọ́."

Silas kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ń wá ìwà àrífín nínú rẹ̀, kò rí i, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù.

Iperindo àti Ìbòkun ló kàn. Silas gbé òfin tuntun míì jáde. Ó ní kò dára kí ẹni tó wà ní ipò kejì àti ẹni ìkẹjọ bẹ̀rẹ̀ lórí òdo sí òdo bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n, nítorí náà, kí Ìbòkun ti ní góòlù kan lọ́wọ́ kí wọ́n tó fọn fèrè. Ó pè é ní góòlù ipò. Rẹfirí béèrè ojú ìwé tó wà nínú òfin bọ́ọ̀lù. Silas na ìka sí pátákó ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n fọn fèrè. Ìbòkun ló kọ́kọ́ ní bọ́ọ̀lù. Balógun ẹgbẹ́ wọn, Ọláfúnkẹ́, obìnrin gíga kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, gbà á, ó yíjú padà, ó sì rọra ń gbé e lọ sẹ́yìn. Ó kọjá lára àwọn ẹni tirẹ̀. Ó dé iwájú aṣọ́lé tiwọn, aṣọ́lé yà fún un. Ó tì í wọlé ara wọn.

Ọláfúnkẹ́ rìn lọ bá balógun Iperindo, ó na ọwọ́ sí i.

"Ọ̀kan sí ọ̀kan," ó ní. "Ó ti dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká wá gbá a."

Wọ́n gbá a. Èmi ò lè ṣàpèjúwe ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà. Àwọn tó wá tìtorí Ìbòkun ń pàtẹ́wọ́ fún Iperindo, àwọn ti Iperindo ń fi gèlè nu ojú fún àwọn ará Ìbòkun. Ó dorí pẹ̀nárítì, Iperindo sì fi ọ̀kan péré borí. Nígbà tí wọ́n tò láti bọra wọn lọ́wọ́, Ọláfúnkẹ́ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tíì sùn dáadáa láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ góòlù ọ̀fẹ́ yẹn, òun máa sùn lónìí.

Silas ni kò sùn. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí wọ́n gbá àṣekágbá, Iperindo pẹ̀lú Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí òun náà ti na alátakò tirẹ̀. Kọmíṣánnà eré ìdárayá ìpínlẹ̀ sì ti fóònù pé òun ń bọ̀ fúnra òun, pé òun ti gbọ́ púpọ̀ nípa àtẹ yìí. Silas pe Sikirat.

"Tún un ṣírò. Fi ti ìdíje yìí kún un, kó sì wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ló ń sọ òtítọ́."

Sikirat ṣírò. Ó tẹ ìwé jáde. Iperindo ti fò láti ipò kẹjọ, ó ti wà lókè.

"Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n gbá o, sà," ó kìlọ̀. "Pẹ̀nárítì ni wọ́n sì fi jáwé olúborí nínú ọ̀kan. Ẹ má gbára lé e. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun kò tíì ṣe ohun tó burú. Ẹ kúkú sọ fún Kọmíṣánnà pé a ò mọ̀."

"A ò mọ̀?" Silas dìde. "Alága tó ní oyè mọ́kànlá kó dúró níwájú Kọmíṣánnà, kó ní òun ò mọ̀? Kí ni mo wá ń jẹ oyè fún?"

Wisdom ní kò sí ẹni tó tíì bi irú ìbéèrè tó jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ wá wò ó bí ọkùnrin ṣe ń yí padà. Wọ́n pa pátákó rẹ́, wọ́n kọ IPERINDO sókè. Wọ́n gbé ife padà sọ́dọ̀ agbẹ́rin, ó fi fáìlì ha "ÌSÀLẸ̀ Ọ̀ṢUN" kúrò, ó gbẹ́ "IPERINDO" lé ojú àpá náà. Silas padà sórí rédíò, ó ní àtẹ àkọ́kọ́ ti dàgbà, ó ti bí ọmọ, ọmọ náà sì gbọ́n ju ìyá rẹ̀ lọ. Ó tún ìbúra rẹ̀ ṣe. Oòrùn, àga, gbogbo rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì amúlétutù wá gbéra, ó gba Iléṣà kọjá, ó di Iperindo. Wọ́n kó àwọn obìnrin náà sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Òṣogbo. Otútù ẹ̀rọ jẹ́ kí mẹ́ta nínú wọn máa sín. Wisdom ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, ó ń kí wọn ní olúborí. Julianah pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ.

"Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin yìí ní a ò já mọ́ nǹkan kan. Lónìí ó ní kò sẹ́ni tó lè nà wá. Kò tíì wò wá lójú nínú méjèèjì. Ẹ má gba ọ̀kankan gbọ́."

Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí kò jìnnà sí pápá, àwọn tó wà lókè tẹ́lẹ̀ ka pátákó tuntun. Kàdíjátù, balógun wọn, tó ń rán aṣọ nítòsí odò níbẹ̀, kò bínú rárá. Ó kàn ní, "Ó dáa náà," ó sì ní kí gbogbo wọn fẹsẹ̀ rìn dé pápá.

Bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà, ẹni tí kò bá wò ó pàdánù nǹkan. Iperindo gbá a dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Marvellous gbá òpó, ẹ̀ẹ̀kan ni aṣọ́lé fi ìka kan péré yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́rùn-ún, ẹnì kan láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun gbá bọ́ọ̀lù tí kò nítumọ̀, ó ba eékún Kàdíjátù tó ń gbìyànjú láti sá fún un, ó yí dé ẹnu ilé, ó rò ó wò, ó wọlé. Ọ̀kan sí òdo. Kàdíjátù fúnra rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn pé ta ló gbá a wọlé.

Silas jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kọmíṣánnà. Ọ̀rọ̀ ìkíni tó ti kọ sílẹ̀ fún Iperindo wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ìwé méje. Wọ́n gbé ife lé Kàdíjátù lọ́wọ́. Ó gbé e sókè, ó gbé e wálẹ̀, ó wò ó. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà nítòsí ẹnu rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, "Iperindo ni wọ́n kọ síbí."

Kọmíṣánnà gba ife. Ó gbé e sínú oòrùn. "Nǹkan míì wà lábẹ́ rẹ̀," ó ní. Ó kà á jáde díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé: "Ì-sà-lẹ̀ Ọ̀-ṣun."

Inú Silas dùn lójijì. "Ẹ rí i, sà. Àtẹ àkọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ̀ tipẹ́. Ẹ bi Sikirat."

"Ṣé òótọ́ ni?" Kọmíṣánnà bi Sikirat.

"Òótọ́ ni, sà. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló wà lókè tẹ́lẹ̀."

"Ta ló wá yí i padà?"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ yíjú síbì kan náà, títí kan Wisdom, tó ti sún àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ láti ìgbà tí góòlù ti wọlé. Ọkùnrin rédíò kan gbé fóònù sókè, ó tẹ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ níjọ́sí, ohùn Silas sì jáde láti inú rẹ̀, ó ki, ó dúró dáadáa: kí n kúrò lórí àga mi kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀.

Kọmíṣánnà wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló kù," ó ní.

Silas kọ ìwé ìfipòsílẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ojú ìwé kẹta ọ̀rọ̀ ìkíni náà. Kí n má parọ́, mo káàánú rẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí àwọn èrò ti ń tú, ó ṣì jókòó, ó ń wo ẹnu ilé tí bọ́ọ̀lù wọ̀. Sikirat wá gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì.

"Sikirat," ó bi í, láìpariwo, "báwo ni mi ò ṣe mọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, sà. Kàdíjátù gan-an kò mọ̀."

Ó ronú sí i. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó ronú sí ohun tí ẹlòmíì sọ. Ó fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, kò sí oyè kankan lára rẹ̀, àwọn tó pàdé rẹ̀ lọ́nà sì kí i ní Bọ̀dá Silas.

Kọmíṣánnà fagi lé òfin ọdún márùn-ún náà kó tó wọ ọkọ̀. Àwọn obìnrin Iperindo gba àmì ẹ̀yẹ ipò kejì, wọ́n kọ bọ́ọ̀sì amúlétutù, wọ́n ní àyà ń dùn wọ́n, wọ́n sì gun ọkọ̀ kòkó tó wá gbé wọn. Ọkùnrin rédíò náà sá tẹ̀ lé Tísà Julianah bó ṣe ń gòkè.

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́, mà. Lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé ẹ máa gba ife?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ kàn fojú díwọ̀n ẹ̀ fún àwọn olùgbọ́ wa."

Julianah ti jókòó. Ó wo Marvellous, tó ti sùn lọ lórí èjìká ẹlòmíì pẹ̀lú bàtà bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀.

"Ọmọ mi, mo ní mi ò mọ̀. Bí mo bá ti mọ̀, kí la fẹ́ wá sáré fún?"